Òwúrọ̀ Tó Sọnù Nínú Agolo

Agolo méje ló yẹ kó wà lórí pẹpẹ náà. Mẹ́fà ló wà níbẹ̀, àlàfo kan sì là sáàárín wọn bí ẹnu ẹni tí eyín rẹ̀ ká.

Ìyá Ẹ̀sọ̀ dúró níwájú pẹpẹ, ó káwọ́ sẹ́yìn. Ọ̀tẹ̀lẹ̀múyẹ́ ni, ó sì ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ náà débi pé àwọn tó kọ́ níṣẹ́ ti di ọ̀gá lé e lórí. Àwọn ọ̀dọ́ ọlọ́pàá ló sọ ọ́ ní Ìyá Ẹ̀sọ̀, torí pé kì í yára rìn, kì í yára sọ̀rọ̀, kì í sì í yára fi ṣẹkẹṣẹkẹ̀ sí èèyàn lọ́wọ́. Wọ́n rò pé kò mọ̀. Ó mọ̀, ó sì dùn mọ́ ọn nínú díẹ̀, torí láti ìgbà tí ọkọ rẹ̀ ti kú, tí ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo sì ti kọjá sí òkè òkun, kò sẹ́ni tó tún rántí fún un ní orúkọ kankan.

Yàrá náà tutù, kò ní fèrèsé, òórùn kan sì wà níbẹ̀ tó ń ta sí èèyàn nímú.

"Kí ló ń kan bí ọtí àná báyìí?" ó béèrè.

"Fíìmù inú àwọn agolo yìí ni, Mà." Ẹni tó dáhùn ni Olùtọ́jú, ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń ṣọ́ àwọn àwòrán àtijọ́ nílé náà. "Tí fíìmù bá ti gbó, bó ṣe máa ń rùn nìyẹn. Ó ti ń kú lọ nìyẹn. Tẹ́ ẹ bá fagbára fà á, ó máa dá ni."

Ọ̀gá ọlọ́pàá tó bá Ìyá Ẹ̀sọ̀ wá kò ní sùúrù òórùn kankan. "Mà, ọ̀rọ̀ yìí ò le. Kọ́kọ́rọ́ kan ló wà, ọwọ́ ọmọkùnrin yìí ló wà. Ilẹ̀kùn ò fọ́, òrùlé ò lu. Kí la tún ń wá?"

Àwọn aláṣẹ ilé náà ti là á mọ́lẹ̀: bí agolo yẹn ò bá jáde kó tó di ọjọ́ Ajé, iṣẹ́ ti bọ́ lọ́wọ́ Olùtọ́jú, ilé ẹjọ́ ló sì kàn. Ìyàwó rẹ̀ wà nínú oyún àkọ́bí wọn. Ètè rẹ̀ ti gbẹ.

"Ta ló wọ yàrá yìí lánàá, lẹ́yìn tí àwọn onífíìmù ti ṣíwọ́?"

"Kò sẹ́ni, Mà."

"Rò ó dáadáa."

"Mo ti rò ó títí orí ń fọ́ mi. Kò sẹ́ni kankan."

Ojú rẹ̀ ò yẹ̀. Òpùrọ́ tí Ìyá Ẹ̀sọ̀ ti rí láyé pọ̀ ju irun orí rẹ̀ lọ, eléyìí ò sì sí lára wọn. Ìyẹn gan-an ló kọ ọ́ lóminú, torí òpùrọ́ ṣeé mú, ṣùgbọ́n ẹni tó ń sọ òótọ́ ṣòro láti gbà sílẹ̀.

Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó wo pẹpẹ ìsàlẹ̀. Eruku ti bo gbogbo rẹ̀ bámúbámú, àfi ojú kan tó mọ́ tónítóní.

"Kí ló wà níbí?"

Agéfíìmù, tó dúró sẹ́nu ọ̀nà, yọjú wò ó, ó họ orí. Òun ló máa ń gé àwòrán, tó sì máa ń tò ó pọ̀ fún àwọn onífíìmù. "Áà, ẹ̀rọ aláfọwọ́yí kan ni, Mà. Àwọn àgbà ló ń lò ó láyé ọjọ́un. Wọ́n á ki fíìmù sí i lẹ́nu, wọ́n á máa fọwọ́ yí i, wọ́n á máa wo àwòrán lójú gíláàsì tí ò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ. Ta ló tún rí tiẹ̀ rò?"

"Ìgbà wo ló kúrò níbí?"

Wọ́n wo ojú ara wọn. Ọ̀gá ọlọ́pàá mí kanlẹ̀, ó fọwọ́ mú Olùtọ́jú lápá, ó ní kí àwọn lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá.

*

Yàrá kejì ni Onífíìmù wà, obìnrin tí wọ́n jí fíìmù rẹ̀ gbé. Ojú rẹ̀ ti wú fún ẹkún, ṣùgbọ́n ẹnu rẹ̀ mú.

"Àdúgbò kan wà lẹ́bàá ojú irin nígbà kan, Mà. Ìjọba wó o. Wọ́n ní kí wọ́n ya fíìmù rẹ̀, ọkùnrin olóhùn iyọ̀ kan wá ń sọ̀rọ̀ lórí rẹ̀ pé tẹ̀rín-tọ̀yàyà làwọn ará ibẹ̀ fi kó ẹrù wọn. Ìyẹn ni gbogbo ayé rí, òun náà ló wọ ìwé ìtàn. Ìgbà tí mo rí àwọn agolo yìí lábẹ́ àkàsọ̀ níbí ni mo tó rí èyí tí wọn ò fi han ẹnikẹ́ni."

"Kí lẹ wá fẹ́ fi wọ́n ṣe?"

"Mi ò ní yí nǹkan kan padà. Màá jẹ́ kí ọkùnrin yẹn máa sọ tiẹ̀, kí àwòrán náà máa sọ tiẹ̀. Ẹni tó bá jókòó wò ó á mọ èyí tó ń purọ́ nínú àwọn méjèèjì."

"Èyí tó sọnù ńkọ́?"

"Òun ni ọkàn fíìmù náà! Èmi ni mo fọwọ́ ara mi kọ 'Ọjọ́ Ìwólé' sára agolo rẹ̀. Katakata wà níbẹ̀ tó ń wólé lé àga àti ìkòkò lórí, àwọn èèyàn ń sá. Ọjọ́ Ajé ló yẹ ká gbé gbogbo wọn lọ ṣe ẹ̀dà. Ẹ má wulẹ̀ wá a jìnnà, Mà. Ọmọ Agbaṣẹ́ṣe ló mú un. Bàbá rẹ̀ ló gba iṣẹ́ ìwólé yẹn. Ó wá síbí lọ́sẹ̀ tó kọjá, ó ń pariwo pé a fẹ́ ba orúkọ òkú jẹ́."

*

Ọ́fíìsì Ọmọ Agbaṣẹ́ṣe tóbi, àwòrán bàbá rẹ̀ sì gba ògiri kan tán. Ó fún Ìyá Ẹ̀sọ̀ ní àga. Kò fún un ní ẹ̀rín.

"Ṣé ẹ̀yin lẹ mú fíìmù yẹn?"

"Ó wù mí kí n sọ pé bẹ́ẹ̀ ni."

"Níbo lẹ wà ní ìrọ̀lẹ́ àná?"

"Ilé ìwòsàn. Ìyá mi ń gba omi sára, ẹ̀gbẹ́ bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ ni mo sùn. Ẹ lè bi àwọn nọ́ọ̀sì." Ó gbé ojú sókè sí àwòrán ara ògiri. "Iṣẹ́ tí wọ́n gbé fún bàbá mi ló ṣe. Àwọn tó gbé e fún un ti kú tán, ó wá ku òun nìkan tí wọ́n ń bú. Ẹ gbọ́, Mà. Ká ní èmi ni mo mú un, ẹ ò ní máa wá fíìmù. Eérú lẹ ò bá máa kó. Kí ni mo fẹ́ fi ṣe ju kí n sun ún?"

Ìyá Ẹ̀sọ̀ dúpẹ́, ó dìde. Inú ọkọ̀ èrò tó wọ̀ padà ló ti ń yí ọ̀rọ̀ náà ká. Ọkùnrin yìí burú lójú, ṣùgbọ́n ó ti sọ ọgbọ́n kan fún un láìmọ̀. Ẹni tó fẹ́ sun fíìmù kò nílò ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wò ó. Ẹni tó mú ẹ̀rọ aláfọwọ́yí kúrò lórí pẹpẹ fẹ́ wo nǹkan, ó fẹ́ dá wò ó, kò sì ní ibòmíràn tó ti lè rí i wò. Ta wá lá fẹ́ dá jókòó máa wo bí wọ́n ṣe ń wólé olówólé?

Ọ̀rọ̀ náà bá a délé. Ó se oúnjẹ díẹ̀, ó jẹ ẹ́ lórí ìdúró, ó ṣí rédíò sílẹ̀ kí ohùn èèyàn lè wà nínú ilé. Kò mọ ohun tí rédíò ń sọ. Kò fẹ́ mọ̀ pẹ̀lú.

*

"Ẹ gbé àwọn agolo yòókù jáde," ó wí fún Onífíìmù àti Agéfíìmù láàárọ̀ ọjọ́ kejì. "Mo fẹ́ wò wọ́n."

"Gbogbo ẹ̀, Mà?" Agéfíìmù béèrè.

"Ṣé ẹ̀ ń kánjú ni?"

Orí tábìlì ìwòran ni wọ́n ti ń wò wọ́n, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, nítorí ọjọ́ ogbó fíìmù. Agolo kan wà tí wọ́n kọ "Òwúrọ̀" sí lára. Agéfíìmù fi í sẹ́nu ẹ̀rọ, ó tan iná. Katakata kan yọ jáde, ó dorí kọ ògiri ilé kan, eruku sọ.

Onífíìmù lọgun. "Òun nìyí! Ọjọ́ Ìwólé nìyí! Báwo ló ṣe dénú agolo yìí?"

Agéfíìmù dorí kodò. "Èmi ni. A wo méjèèjì pọ̀ níjelòó, agolo méjèèjì sì ṣí sílẹ̀ lórí tábìlì. Ebi ń pa mí, mo kàn kì wọ́n síbi tọ́wọ́ mi bá. Mo ní màá tún un wò kí n tó relé. Mo gbàgbé."

"Ó túmọ̀ sí pé Òwúrọ̀ ló wà nínú èyí tí wọ́n jí," Ìyá Ẹ̀sọ̀ sọ. "Kí ló wà níbẹ̀?"

Ẹ̀rín ti gba ojú Onífíìmù. "Kò sí nǹkan gidi, Mà. Àwọn èèyàn ń jí, wọ́n ń gbálẹ̀, obìnrin kan yọjú lójú fèrèsé. A ti pinnu pé a ò ní lò ó, torí kò sí ìtàn kankan níbẹ̀. Tó bá jẹ́ tèmi ni, ẹ jẹ́ kó máa lọ. A dúpẹ́."

"Olùtọ́jú tó wà ní àgọ́ ńkọ́?"

Ẹ̀rín náà kú. Ìtìjú mú un, ó wo ilẹ̀.

Ìyá Ẹ̀sọ̀ fa àga, ó jókòó. Ara rẹ̀ ti ń balẹ̀, bó ṣe máa ń balẹ̀ tí okùn bá ti fẹ́ tú. "Ẹ gbọ́ mi. Ẹni tó ka ìwé ara agolo á rò pé Ọjọ́ Ìwólé lòun ń gbé. Ẹni tí ìyẹn sì ń jẹ lọ́kàn, sísun ló fẹ́ sun ún. Olè tiwa fẹ́ wò ó. Òwúrọ̀ ló wá mú, Òwúrọ̀ náà ló sì rí gbé, nínú agolo tí wọ́n kọ nǹkan mìíràn sí. Kò ka ìwé kankan. Ojú rẹ̀ ló fi rí ibi tí ẹ fi í sí. Ta ló wà níbí nígbà tẹ́ ẹ̀ ń dí agolo?"

"Èmi àti Onífíìmù," Agéfíìmù dáhùn.

"Ta tún ni?"

"Kò sẹ́ni." Ó ronú díẹ̀. "Àfi Bàbá Àpèjúwe, Mà."

"Ta ni Bàbá Àpèjúwe?"

Onífíìmù ló ṣàlàyé. Bàbá arúgbó kan ni tí wọ́n bí sí àdúgbò ojú irin yẹn. Wọ́n máa ń gbé e jókòó síwájú fíìmù, wọ́n á ní kó máa dá ojú mọ̀, kó máa sọ ilé tó jẹ́ ti ta ni. Láìsí irú rẹ̀, ojú àwọn àjèjì lásán ni wọ́n ń wò. Ọjọ́ tí wọ́n wo Òwúrọ̀ ni wọ́n bá a parí.

"Ṣé ẹ gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀?"

Wọ́n gbà á. Wọ́n tan án. Ohùn Bàbá jáde, ó gbó, ṣùgbọ́n inú rẹ̀ ń dùn: "Ìyẹn ìyá alágbàfọ̀. Ẹsẹ̀ kan ló fi ń tiro. Ilé télọ̀ nìyẹn, ẹ má gbé aṣọ fún un o, kò ní bá yín mu! Ajá tó sùn sẹ́nu ọ̀nà yẹn, Kòkànyín lorúkọ rẹ̀." Onífíìmù ń rẹ́rìn-ín nínú ohùn náà. Lẹ́yìn náà ohun gbogbo dákẹ́.

"Ó jọ pé ẹ̀rọ ló dákẹ́ níbí," Agéfíìmù sọ.

"Ẹ̀rọ ò dákẹ́. Mò ń gbọ́ bí àga ṣe ń dún."

Ìdákẹ́jẹ́ náà pẹ́. Ohùn Onífíìmù ló wá já a: "Bàbá, ta lobìnrin tó yọjú lójú fèrèsé lókè ajá yẹn?"

Bàbá dáhùn jẹ́jẹ́: "Mi ò mọ̀ ọ́n."

Ìyá Ẹ̀sọ̀ ní kí wọ́n pa á. "Ó mọ orúkọ ajá," ó wí. "Kò wá mọ obìnrin tó ń gbé ilé tí ajá sùn sí lẹ́nu ọ̀nà."

Kò sọ èyí tó kù fún wọn. Ó mọ irú ìdákẹ́jẹ́ yẹn. Òun náà máa ń ṣe bẹ́ẹ̀ tí àwọn ará ibi iṣẹ́ bá bi í léèrè ọkọ rẹ̀, nítorí pé bó bá dáhùn, omi lá jáde dípò ọ̀rọ̀.

*

Ní àgọ́, ó ní kí wọ́n mú Olùtọ́jú jáde wá.

"Ọmọ mi, ṣé Bàbá Àpèjúwe padà wá nírọ̀lẹ́ ọjọ́ tí agolo sọnù?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Mà. Ó gbàgbé agbòòrùn rẹ̀."

"O sọ fún mi pé kò sẹ́ni tó wọlé."

"Bàbá nìkan ni, Mà. Bàbá tún kúkú… Tẹlifóònù ń dún lókè, mi ò sì lè ní kí àgbàlagbà dúró síta. Mo ṣílẹ̀kùn fún un, mo sáré lọ gbé e."

"Báwo ló ṣe wá jáde?"

"Àpò kan wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó wúwo díẹ̀. Mo gbà á, mo bá a gbé e dé géètì, mo dá ọkọ̀ dúró fún un. Ó ṣàdúrà fún mi, ó ní àwọn ọmọ tèmi náà á bá mi gbẹ́rù…" Ó káwọ́ lérí lójijì. "Mà! Ṣé èmi ni mo fọwọ́ ara mi gbé e jáde?"

"Ìwọ ni. Wọ́n kọ́ ọ dáadáa nílé."

Ọ̀gá ọlọ́pàá bú sẹ́rìn-ín. Ìyá Ẹ̀sọ̀ ò rín. Ó ń ro bí odindi èèyàn ṣe lè wọlé, kó jáde, kí ọmọlúwàbí bá a gbẹ́rù, síbẹ̀ kí wọ́n béèrè ẹni tó wọlé kí wọ́n sì ní kò sẹ́ni.

*

Òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan ni Bàbá ń gbé, yàrá kan ṣoṣo ní ìpẹ̀kun ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ìyá Ẹ̀sọ̀ ní kí ọ̀gá dúró nínú ọkọ̀ nísàlẹ̀. Ilẹ̀kùn ò tì. Òórùn kíkan yẹn ló kọ́kọ́ kí i.

"Ẹ kú ìrọ̀lẹ́, Bàbá," ó wí, ó kúnlẹ̀ díẹ̀.

"Ẹ wọlé, ọmọ mi. Mo ti ń retí yín."

Ó ti to àga méjì kojú ara wọn. Ẹ̀rọ aláfọwọ́yí wà lórí tábìlì, fíìmù náà sì wà lórí aṣọ funfun kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ó ti dá sí méjì.

"Ẹ̀ẹ̀kan péré ni mo yí i," Bàbá sọ. "Ó yọ lójú fèrèsé, ó fẹ́ yíjú sí mi báyìí, ló bá dá. Mi ò tún fọwọ́ kàn án mọ́. Ẹ̀rù ń bà mí kí n má pa á tán."

"Ìyàwó yín ni?"

"Ìyàwó mi ni. Kò lò ju ọdún kan lọ níbi tí wọ́n kó wa lọ kó tó kú. Ara ògiri ni àwòrán rẹ̀ kan ṣoṣo wà, katakata sì wó ògiri." Ó nu ojú rẹ̀. "Ọmọ mi, ojojúmọ́ ni mò ń rò ó. Mo máa ń rí ojú rẹ̀ nínú ọkàn mi. Ìgbà tí wọ́n fi fíìmù yẹn hàn mí ni mo tó mọ̀ pé obìnrin tí mo ti ń rò láti ọjọ́ yìí wá, òun kọ́. Mo ti gbé ojú ẹlòmíì wọ̀ ọ́. Ìyàwó mi gan-an ti sọnù mọ́ mi lọ́wọ́, mi ò sì mọ̀."

Ọ̀rọ̀ náà wọ Ìyá Ẹ̀sọ̀ lára. Ó gbìyànjú láti rántí ojú ọkọ rẹ̀ níbẹ̀ yẹn, ẹ̀rù sì bà á.

"Kí ló dé tẹ́ ẹ sọ fún wọn pé ẹ ò mọ̀ ọ́n?"

"Gbogbo àdúgbò ni mo fún wọn. Télọ̀, alágbàfọ̀, títí dórí ajá. Inú mi dùn, ó yẹ kí ayé mọ̀. Òun nìkan ni mo fẹ́ ṣẹ́kù fún ara mi. Wọ́n sì tún sọ níwájú mi pé àwọn ò ní lò ó, pé kò sí ìtàn níbẹ̀."

Ìyá Ẹ̀sọ̀ pe Onífíìmù lórí fóònù, ó sọ gbogbo rẹ̀ fún un bó ṣe gbọ́ ọ. Nígbà tí Onífíìmù dáhùn, ohùn rẹ̀ ti yí padà.

"Ó ṣeé lẹ̀ pọ̀, Mà. Kí Bàbá má fọwọ́ kàn án. A ó ṣe ẹ̀dà kan fún òun nìkan. Màá bá àwọn aláṣẹ sọ̀rọ̀ nísinsìnyí, mi ò ní jẹ́ kí wọ́n pè é lẹ́jọ́. Ẹ bá mi… ẹ bá mi bi í bóyá a lè fi obìnrin yẹn sínú fíìmù."

Bàbá gbọ́ ọ láti inú fóònù. "Ẹ ní kó jẹ́ n rò ó," ó wí.

Ìyá Ẹ̀sọ̀ tún pe ọ̀gá nísàlẹ̀. "Agolo ti jáde. Ní kí wọ́n tú ọmọ yẹn sílẹ̀, kó máa lọ bá ìyàwó rẹ̀. Bàbá á wá sọ tẹnu rẹ̀ ní àgọ́ lọ́la."

Gbogbo rẹ̀ parí nìyẹn. Kò sí ohun tó rú u lójú mọ́, ó sì mọ ilé tó ń lọ, àti rédíò tó wà níbẹ̀.

Bàbá ń wo ẹnu rẹ̀. "Ṣé ìbéèrè ṣì kù?" ó béèrè, ó sì fọwọ́ tọ́ àga kejì díẹ̀ bí ẹni tí kò fẹ́ kí wọ́n rí òun. "Nígbà tí wọ́n ń bi mí ní ìbéèrè níbẹ̀ yẹn, ojojúmọ́ ni mò ń fá irùngbọ̀n. Lọ́jọ́ tá a parí, wọ́n dúpẹ́ gan-an. Wọ́n ṣe dáadáa sí mi. Láti ìgbà náà, ẹ̀yin lẹ kọ́kọ́ gun àtẹ̀gùn yìí wá."

Ìyá Ẹ̀sọ̀ wo àga náà. Ó jókòó.

"Ó kù, Bàbá," ó wí. "Ó kù rẹpẹtẹ. Báwo lẹ ṣe kọ́kọ́ pàdé rẹ̀?"

Bàbá gbá aṣọ rẹ̀ jọ, ó bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ pẹ̀pẹ̀. Nísàlẹ̀, ọ̀gá fọn fèrè ọkọ̀ lẹ́ẹ̀kan, ó tún fọn ún. Ìyá Ẹ̀sọ̀ dìde, ó ti fèrèsé, ó sì padà wá jókòó.